Bọ́tìnì Kẹsàn-án Baba Rẹ̀mí

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Ìyá Tahirah ṣì wà láyé, òun tó ń ta ẹ̀kọ gbígbóná lójú ọ̀nà ní Ìlorà, tí ẹnu rẹ̀ máa ń gbóná ju ẹ̀kọ lọ. Bàbá arúgbó tó máa ń lu agogo ìjọ Aládùúrà ní ìdájí ṣì wà láyé. Igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé Àlàkẹ́ pàápàá ṣì ń so, wọn kò tíì gé e. Baba Rẹ̀mí, ọkọ Àlàkẹ́, wà láyé pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti kú ṣáájú rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ló jí, tí apá ọ̀tún kò gbọ́ràn mọ́, tí ẹsẹ̀ ọ̀tún kọ̀, tí ahọ́n sì wúwo lẹ́nu bí ọmọ ọlọ. Dókítà ní àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ohun tó dun Àlàkẹ́ jù ni pé ọ̀rọ̀ ni ọkùnrin yìí fi jẹun láyé rẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi jókòó sábẹ́ páànù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòtù ìbílẹ̀ ní Fìdítì, tó ń fi tapẹ́rítà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kọ lẹ́tà fún àwọn tí kò mọ̀wé. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ lọ sí Kútọnu tí kò padà, ẹni tí àbúrò ọkọ rẹ̀ fẹ́ gba oko mọ́ lọ́wọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń rọ́ lọ. Wọ́n á sọ tiwọn, òun á máa tẹ̀ ẹ́ pá, pá, pá. Òun náà ló wá di ẹni tí kò lè ní kí wọ́n bu omi fún òun.

Nífẹ́mi ló mú bọ́tìnì wá. Olúwanífẹ́mi ni orúkọ rẹ̀ délẹ̀délẹ̀, ọmọ Rẹ̀mí ni. Rẹ̀mí ń gbé Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ ni Nífẹ́mi ń gbé ní Ìlorà, ó ń ti ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Ọ̀yọ́ láràárọ̀. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni. Àlàkẹ́ ti bi í léèrè títí, irú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wo?

"Ìyá, àwọn kan wà lókè òkun tó ń ṣe bọ́tìnì. Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń kọ ètò tí bọ́tìnì náà ń tẹ̀ lé."

"Bọ́tìnì aṣọ?"

"Rárá o! Bíi ti tapẹ́rítà Baba. Ṣùgbọ́n tapẹ́rítà Baba, lẹ́tà tí wọ́n bá ti fín sí i lára náà ló máa kọ títí ayé. Èyí, bí mo bá ní kó pe èèyàn, á pè é. Bí mo bá ní kó tan iná, á tàn án."

"Ta ló wá ń mọ ohun tó máa ṣe?"

"Ẹni tó pa á láṣẹ ni."

Àlàkẹ́ mi orí. Kò yé e, ṣùgbọ́n ó ti dàgbà ju ẹni tó máa ní kí wọ́n tún un sọ lẹ́ẹ̀kẹta.

Nǹkan náà kò tóbi ju páálí ọṣẹ lọ. Bọ́tìnì mẹ́sàn-án ló wà lórí rẹ̀, ìlà mẹ́ta, mẹ́ta-mẹ́ta. Nífẹ́mi lẹ bébà aláwọ̀ oríṣiríṣi mọ́ wọn, ó fi wáyà so ó mọ́ láàpù, kọ̀ǹpútà alágbèéká àtijọ́ kan, ó gbé sípíkà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Baba Rẹ̀mí lọ́wọ́ òsì, níbi tí ọwọ́ tó kù lè dé.

"Ó ku ohùn," ló wí. "Ẹ̀yin lẹ máa yá Baba lẹ́nu yín, Ìyá."

"Kí ló ṣe ẹnu tìrẹ?"

"Tiyín ni etí wọn mọ̀ jù. Fóònù mi rèé. Ẹ tẹ pupa yìí, ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ tún un tẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́sàn-án péré. Ẹ máa dárúkọ nǹkan fún Baba, èyí tí wọ́n bá mi orí sí, ẹ sọ ọ́ sínú rẹ̀. Bí Baba fúnra wọn ṣe máa ń sọ ọ́ gan-an ni kí ẹ sọ ọ́ o. Ẹ má fi tiyín kún un."

"Ṣé á gbà á?"

"Ohunkóhun tí ẹ bá fi síbẹ̀ ló máa gbà."

Ọjọ́ Ọjọ́rú ni. Nífẹ́mi fi fóònù kejì sápò, ó lọ síbi iṣẹ́, ó ku Àlàkẹ́ àti ọkọ rẹ̀ nínú yàrá. Àlàkẹ́ jókòó lórí àpótí, ó fi ojú sí fóònù bí ẹni tó ń wo ojú àlejò. Ó sọ "Omi." Ó sọ "Ebi ń pa mí." Ó sọ "Ẹ yí mi sí òdìkejì," ó sọ "Mo fẹ́ tọ̀," ó sọ ti ooru, ti rédíò, ti àdúrà. Ó sọ "Ó tó," nítorí Baba Rẹ̀mí kì í fẹ́ kí wọ́n máa rọ́ oúnjẹ sí òun lẹ́nu. Ó di mẹ́jọ.

"Ó ku ẹyọ kan. Ṣé Rẹ̀mí ni?"

Baba mi orí pé rárá.

"Pásítọ̀? Àbí oyin? Oyin lẹ fẹ́?"

Rárá. Ọwọ́ òsì gbéra díẹ̀díẹ̀, ó na ìka sí fọ́tò ara ògiri. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó de táì, ọmọbìnrin kékeré kan sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Àyà Àlàkẹ́ já.

Àbúrò Baba Rẹ̀mí lọmọbìnrin yẹn. Ìyá wọn kú kó tó pé ogójì ọjọ́ tó bí i, Baba Rẹ̀mí, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ló pọ̀n ọ́n dàgbà. Akínmọ̀ọ́rìn ló ń gbé báyìí, opó ni, ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ọrọọrún, lọ́jọ́ ọjà, ni Baba Rẹ̀mí máa ń gun ọ̀kadà lọ kí i, á gbé ọsàn dání, á sì padà kí oòrùn tó wọ̀. Nígbà tí àìsàn yìí dé ni Rẹ̀mí pe fóònù láti Ìbàdàn pé kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára obìnrin náà, bó bá gbọ́, òkú méjì ni wọ́n máa gbé lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n bá ránṣẹ́ sí i pé Baba lọ sinmi lọ́dọ̀ Rẹ̀mí. Wọ́n sì fi ọwọ́ bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń bò ó fún àgbà.

Ìyẹn nìkan kọ́ ló já a láyà. Ọmọ ọdún méjìlá ni ọmọbìnrin náà nígbà tí wọ́n mú Àlàkẹ́ wọlé níyàwó. Ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Eyínmẹ́nugún ni Àlàkẹ́ ń pè é, nítorí ẹ̀rín rẹ̀. Àádọ́ta ọdún ó lé mẹ́ta, orúkọ tí bàbá ọmọ náà sọ ọ́ kò gba ẹnu Àlàkẹ́ jáde rí. Ẹ̀rọ yìí sì rèé, wọ́n ní kó sọ ọ́ bí Baba Rẹ̀mí ṣe máa sọ ọ́. Baba Rẹ̀mí kò pè é ní Eyínmẹ́nugún rí. Bó bá pe àdàpè, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ mọ́. Bó bá pe orúkọ, ẹnu ìyàwó ló pè é.

Ó tẹ pupa. Ó la ẹnu. Ẹnu kọ̀.

Ni Àlàkẹ́ bá di ojú, ó pe orúkọ náà nínú ọkàn rẹ̀, ó pè é dáadáa, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni ń gbàdúrà. Ó la ojú, pupa ṣì ń tàn. Ó tún un tẹ̀. Kó tó tẹ̀ ẹ́, Baba Rẹ̀mí ti fi ọwọ́ òsì lu itan, Àlàkẹ́ sì gbà á bíi pé ó ní ó dáa. Àlàkẹ́ mí kanlẹ̀. Ṣebí Nífẹ́mi ló ní ohunkóhun tí òun bá fi síbẹ̀ ló máa gbà.

Àṣálẹ́ ọjọ́ náà, tí Àlàkẹ́ lọ sí ìpàdé àdúrà, ni Nífẹ́mi kó ohùn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sábẹ́ bọ́tìnì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ó ń tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí Baba lè gbọ́. Mẹ́jọ fọhùn. Ẹ̀kẹsàn-án, èyí tí bébà funfun wà lára rẹ̀, kò sọ nǹkan kan.

"Èyí ṣófo, Baba. A máa wá nǹkan fi sí i."

Baba Rẹ̀mí ka mẹ́jọ tó gbọ́, ó mọ èyí tó kù. Ó gbé ọwọ́ sókè sí Nífẹ́mi, ó ń mì ín. Nífẹ́mi rò pé òun ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣe di mẹ́ta: Àlàkẹ́ mọ̀ pé orúkọ wà nínú ẹ̀rọ, kò mọ bọ́tìnì tó wà. Nífẹ́mi mọ bọ́tìnì tí kò fọhùn, kò mọ̀ pé orúkọ èèyàn ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹni tó mọ méjèèjì kò lè sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Àlàkẹ́ ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú Ìyá Tahirah. Ohùn Àlàkẹ́ bá ti inú yàrá jáde: "Omi."

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Tahirah. "Lá iláha illa Láhu! Ìyá Rẹ̀mí, ṣé ìwọ rèé níwájú mi?"

"Èmi ni."

"Ta wá ni tinú ilé?"

"Èmi náà ni."

"Ìwọ wo ni mo máa dá lóhùn? Ó dáa náà. Kí tinú ilé máa jókòó ti ọkọ, kí tìta máa bó ẹ̀gẹ́. Ọlọ́run ti bá ọ fẹ́ orogún tí kò ní bá ọ jà." Ó sì rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

Àlàkẹ́ ò lè rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ohùn rẹ̀ bá jáde ni ọkàn rẹ̀ ń fò, ó ń retí ìgbà tí ẹ̀rọ máa fi ohùn òun ké orúkọ yẹn síta gbangba. Ọjọ́ kan, ọ̀sẹ̀ kan, oṣù kan. Omi ni, ooru ni, rédíò ni. Orúkọ kò jáde. Kò yé e. Ṣé Baba Rẹ̀mí ti gbàgbé àbúrò rẹ̀ ni? Àbí ó ti mọ̀ pé wọ́n fi àìsàn òun pamọ́, tó ń bínú? Bó bá bi í, omi á kàn lé ròrò lójú rẹ̀, á tún máa tẹ bọ́tìnì funfun kan tí kò fọhùn, á tẹ̀ ẹ́, á wo Àlàkẹ́, á tún un tẹ̀.

"Nífẹ́mi, èyí tí bàbá rẹ àgbà ń tẹ̀ yìí, kí ló wà níbẹ̀?"

"Kò sí nǹkan níbẹ̀, Ìyá. Ṣófo ni mo rò pé ó wà." Nífẹ́mi tẹjú mọ́ láàpù. "Ohun tó ń rú mi lójú nìyí. Ètò yìí ní nǹkan wà níbẹ̀. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, kò dún. Bóyá ètò tuntun tí wọ́n fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá ló bà á jẹ́. Mo máa kọ̀wé sí wọn."

Ilé iṣẹ́ tó ṣe bọ́tìnì ní àwọn tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa dá àwọn bíi Nífẹ́mi lóhùn, bí ètò bá dojú rú. Èyí tó dá a lóhùn ń jẹ́ Josephine. Nífẹ́mi ka lẹ́tà rẹ̀ sétí Àlàkẹ́, ó túmọ̀ rẹ̀. Àlàkẹ́ yára wé gèlè.

"Ìyá, wọn ò rí yín o. Ìwé ni wọ́n kọ."

"Wọn ò rí mi, wọ́n mọ̀ pé bọ́tìnì wà nílé mi? Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kí n fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ̀rọ yìí ń kọ gbogbo ìgbà tí Baba bá tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ọjọ́ àti wákàtí."

Nífẹ́mi ṣí àkọsílẹ̀ náà, ẹnu rẹ̀ sì là. Bọ́tìnì kẹsàn-án ni Baba Rẹ̀mí ń tẹ̀ jù nínú gbogbo wọn. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹta oṣù, ogójì ìgbà. Ọjọ́ keje, ogójì ó lé. Ọjọ́ kọkànlá, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, bákan náà.

Àlàkẹ́ fi ìka kà á. Ìwé méjì péré ló kà ní kékeré, ṣùgbọ́n èyí kò gba ìwé. "Ọrún ni. Ọjọ́ ọjà ni gbogbo wọn."

"Kí ni Baba fẹ́ lọ́jà?"

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ra nǹkan nìyẹn. Wọ́n ra ọ̀pẹ̀ òyìnbó Fìdítì, wọ́n ra ẹja tútù, wọ́n ra obì. Baba Rẹ̀mí fi ọwọ́ òsì ti àwo sílẹ̀. "Ó tó," ni ohùn Àlàkẹ́ wí láti inú sípíkà. "Ó tó. Ó tó." Àlàkẹ́ tilẹ̀ ro ti Akínmọ̀ọ́rìn, kò lè ṣe kó má rò ó. Ṣùgbọ́n ó dá ara rẹ̀ lóhùn: bó bá jẹ́ àbúrò rẹ̀ ló ń fẹ́, ṣebí mo ti fi orúkọ síbẹ̀ fún un? Kí ló dé tí kò tẹ̀ ẹ́? Èrò náà á yí po, á padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà sì ń rù sí i. Dókítà ti ní kí wọ́n má retí ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Ọjọ́ kẹta, lẹ́tà Josephine tún dé. Ó ní kò sí nǹkan tó ṣe bọ́tìnì, kò sí nǹkan tó ṣe ètò. Ó ní ohùn tó wà níbẹ̀ kò ṣófo, ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá ló gùn, ṣùgbọ́n ó kéré jọjọ. Kí Nífẹ́mi gbé e sókè dé òpin, kó gbọ́ ọ.

Nífẹ́mi gbé e sókè. Wọ́n gbọ́ àkùkọ ìta. Wọ́n gbọ́ àpótí tó dún kẹ̀rẹ́. Wọ́n gbọ́ ẹnìkan tó ń mí, tó mí sínú, tó dá a dúró, tó mí síta. Lẹ́yìn náà, pà! ọwọ́ kan lu itan.

Àlàkẹ́ dìde dúró. "Èmi nìyẹn."

"Kí lẹ sọ níbẹ̀, Ìyá?"

"Orúkọ àbúrò bàbá rẹ àgbà. Mo sọ ọ́."

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Mo sọ ọ́ nínú ọkàn mi."

Nífẹ́mi gbé ojú kúrò lára láàpù. "Ìyá, ẹ̀rọ kì í gbọ́ tinú ọkàn."

"Ìwọ lo sọ pé ohunkóhun tí mo bá fi síbẹ̀!" Ohùn Àlàkẹ́ já. Ó wo bẹ́ẹ̀dì. Baba Rẹ̀mí ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó di ojú, omijé ń ṣàn wọ etí rẹ̀. Oṣù méjì ló ti ń pe èèyàn, ilé kún, wọ́n ń gbé ọ̀pẹ̀ òyìnbó fún un.

Wọ́n pe Rẹ̀mí. Rẹ̀mí ní kí wọ́n dákun, kí wọ́n ṣe sùúrù kí òun dé lópin oṣù. Àlàkẹ́ gba fóònù lọ́wọ́ Nífẹ́mi. "Rẹ̀mí, èmi ni mo bí ọ. Sùúrù yẹn ni a ti ń ṣe láti oṣù méjì." Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó ní kí Ìyá Tahirah bá òun jókòó ti aláìsàn, òun àti Nífẹ́mi sì wọ mọ́tò lọ sí Akínmọ̀ọ́rìn.

Eyínmẹ́nugún wà níta, ó na ẹsẹ̀ sórí ẹní, ó ń ya ẹ̀gúsí. Kò dìde.

"Ìyàwó. Ṣé ẹ ti sin ín tán kí o tó wá?"

Àlàkẹ́ kúnlẹ̀. "Ọkọ mi, ẹ má bínú. Kò kú. Àìsàn ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru yín la rò tí a kò fi sọ fún yín."

"Ẹni tí kì í pa ọjà kan jẹ, tó wá pa ọjà mẹ́tàdínlógún jẹ! Ẹ ní ó lọ sinmi. Ta ló ń sinmi tó bẹ́ẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ní kò gbọdọ̀ ru, kí lẹ rò pé ó ń ṣe láti ìgbà yẹn, ó ń sùn?" Bó ṣe ń bú wọn ló ń wá bàtà rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé Ìlorà, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ tó ti kú mú. Ọwọ́ òsì Baba Rẹ̀mí ń wá bọ́tìnì funfun. Ó tẹ̀ ẹ́. Kò dún. Ó tún un tẹ̀.

"Kí ni ẹ̀gbọ́n mi ń tẹ̀?"

"Ẹ̀yin ló ń pè," Àlàkẹ́ wí.

"Mi ò gbọ́ ìpè."

"Ẹnu mi ni wọ́n fi ṣe é. Mi ò sì lè pè yín."

Ìyá Tahirah tó wà lẹ́nu ọ̀nà pòṣé. "Ẹ wò ó, nítorí orúkọ!"

Eyínmẹ́nugún ò rẹ́rìn-ín. Ó yí ojú sí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Àlàkẹ́, mo yọ̀ǹda rẹ. Èmi tí mo ni orúkọ ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Pè mí."

Nífẹ́mi na fóònù. Àlàkẹ́ kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di ìró mú. Ó tẹ pupa. Ohùn náà jáde lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ̀n, ó sì ga ju bó ṣe rò lọ.

"Mosúnmọ́lá!"

Ó bo ẹnu. Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, òrùlé kò jìn. Nífẹ́mi ṣe ohun tó ń ṣe lórí láàpù, ó ní ó ti parí. Baba Rẹ̀mí tẹ bọ́tìnì kẹsàn-án. "Mosúnmọ́lá!" Obìnrin náà ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi nìyí." Ó tún un tẹ̀. "Èmi nìyí, mo ti dé." Ó ń tẹ̀ ẹ́, àbúrò rẹ̀ ń dáhùn, títí ìka fi rẹ Baba Rẹ̀mí, tó sì sùn lọ.

Eyínmẹ́nugún kò padà sí Akínmọ̀ọ́rìn mọ́. Ọjọ́ mẹ́fà ló lò nínú yàrá yẹn, ó ń fi ṣíbí bu ẹ̀kọ mímu sí i lẹ́nu, ó ń bá a sọ ọ̀rọ̀ ìyá wọn.

Ọjọ́ keje bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì. Àlàkẹ́ wà nídìí iná, Eyínmẹ́nugún ń wẹ̀ lẹ́yìnkùlé, Nífẹ́mi ń múra ibi iṣẹ́. Sípíkà ké: "Mosúnmọ́lá!" Ẹ̀ẹ̀kan péré. Obìnrin náà sáré wọlé pẹ̀lú ọṣẹ lọ́rùn, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún kò dùn ún. Ọwọ́ òsì Baba Rẹ̀mí wà lórí bọ́tìnì, kò sì mí mọ́.

Eyínmẹ́nugún ní ó pe òun. Ìyá Tahirah ní ọwọ́ ló re lé e nígbà tí ẹ̀mí ti lọ. Àlàkẹ́ kò mọ èyí tí òun máa gbà. Ó ní kí Nífẹ́mi bi Josephine, ṣebí wọ́n mọ ohun gbogbo tó bá ṣẹlẹ̀ sí bọ́tìnì wọn. Nífẹ́mi ń sunkún, síbẹ̀ ó kọ ọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, èsì ti dé. Josephine kí wọn kú ọ̀fọ̀. Ó ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú méjìlá ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ mọ̀ pé wọ́n tẹ òun, kò lè mọ̀ bóyá èèyàn fẹ́ tẹ̀ ẹ́.

"Àwọn náà ò mọ̀ ọ́n," ni Àlàkẹ́ wí, ó sì jókòó sórí ẹní láàárín àwọn obìnrin. Ọjọ́ Ẹtì yẹn, tí ọjà pé, ni Baba Rẹ̀mí kú.